Ẹní Ògòtún

Ọjọ́ Ajé la gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀,
Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé.
Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Ajíṣefínní, kò fojú kan oorun.
A ro koríko, a fi ẹfun kun òkúta ẹnu ọ̀nà,
a yá bẹ́ǹṣì méjìlá lọ́wọ́ ìjọ tó múlé gbè wá.
"Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ o," ni bàbá ìjọ wí.
Ẹní tí àwọn ọmọ ti ń jókòó lé láti oṣù Ẹrẹ́nà,
ẹní Ògòtún, tí ìyá wọn fọwọ́ ara wọn hun,
a ká a, a tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù
bí ẹni ń fi àkísà pamọ́ fún ojú àna.

Ọwọ́ tèmi náà kò mọ́.
Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo kọ lóru kan ṣoṣo
níbi iná tọ́ọ̀ṣì fóònù, báírò pupa lọ́tùn-ún, búlúù lósì.
Títí kan ọjọ́ tí òjò lé gbogbo wa sílé,
mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ dáhùn dáadáa.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ọkọ̀ funfun wọlé.
Mẹ́ta ni wọ́n.
Ọ̀kan kò sọ̀kalẹ̀, ìpékeré ló ń jẹ.
Èkejì ń ka fèrèsé.
Ẹ̀kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣúnlànà, kíláàsì mi ló yà sí,
bàtà rẹ̀ ń dún kò, kò, kò.

Àwọn ọmọ dìde, ẹnu wọn ṣọ̀kan bí ọmọ ìyá:
"Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ káàbọ̀, sà! Ilé-ìwé wa dùn, sà!"
Ó ṣí rẹ́jísítà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.
"Tíṣà, kí ló dé tí ìlà yìí fi wọ́?"
Ọdún mọ́kànlélógún nídìí iṣẹ́,
irun funfun ti ń yọ lágbọ̀n mi,
mo dúró níwájú ogójì ọmọ,
mo ń ṣàlàyé ìlà tó wọ́.

Ó wá bojú wẹ̀yìn.
Ó rí Ìdògbé, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀,
tí mo fi sí kọ̀rọ̀ nítorí irú ọjọ́ báyìí.
"Ìwọ. Kí lo fẹ́ràn jù níléèwé yìí?"
A ti kọ́ wọn lésì: "Ìṣirò, sà."
Ìdògbé wo ilẹ̀. Ó wo bẹ́ǹṣì. Ó wò mí.
Ọ̀rọ̀ ọmọdé kò mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú.
"Ẹní wa ni, sà.
Orí ẹ̀ ni tíṣà ti kọ́ mi ní orúkọ mi.
Wọ́n ti ká a.
Wọ́n ní tí ẹ bá lọ, a ó tẹ́ ẹ padà."

Kíláàsì pa lọ́lọ́.
Ewúrẹ́ kan ké níta, ó dákẹ́.
Ọ̀gá wa di férémù ilẹ̀kùn mú.
Ọkùnrin náà rìn lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa ẹní yọ,
ó tú u díẹ̀, ó fọwọ́ pa etí rẹ̀.
"Ta ló hun ún?"
"Ìyá àgbà mi, sà."
Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè.
Kò sọ ohun tó kọ.

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé wọ́n dúró lẹ́bàá títì,
ó ná ẹní kan lọ́wọ́ ìyá àgbà,
ó sì já owó rẹ̀ wálẹ̀ débi tí ìyá fi ń bínú.

Oṣù méjì, lẹ́tà dé:
Òkúta ẹnu ọ̀nà dára. Ìlà rẹ́jísítà wọ́, ẹ tún un ṣe.
Kò dárúkọ bẹ́ǹṣì. Kò dárúkọ ẹní.
Kò sì sẹ́ni tó fi bẹ́ǹṣì ránṣẹ́ sí wa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an la ti ru ti ìjọ padà.
Ẹsẹ̀ ọ̀kan ti yẹ̀, èmi ni mo san owó káfíńtà.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tẹ́ ẹní.
Ìdògbé dojú bolẹ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ síta díẹ̀,
ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ rẹ̀ sí sìmẹ́ńtì.
Ìlà rẹ̀ wọ́.
Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, n kò tẹ̀ ẹ́.